Àárẹ̀ Tí Oorun Kò Lè Wò: Ẹ̀kọ́ Nípa Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àmúlò lẹ́nu àwọn àgbà wa, pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn. Àwa pẹ̀lú ti sọ ọ́ rí fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀lẹ kò ní ibùjókòó láàárín àwọn ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, nítorí àwọn tí í máa ka iye òkú ti kà á, wọ́n sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀ràn Iṣẹ́ jùmọ̀ gbé ìṣirò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n wí pé ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn bí 745,000 ni ó kú ní gbogbo ayé nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tí ó ti inú ṣíṣe iṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan wá. Ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ fún un ju ti ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ a máa pa ènìyàn. Síbẹ̀, gígùn wákàtí kọ́ ni kókó ẹ̀kọ́ wa. Àgbẹ̀ a máa wà lóko láti kùtùkùtù títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ó bá délé tí ó wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sì sùn, ara rẹ̀ a tún le ní òwúrọ̀. Àárẹ̀ tí a ní lọ́kàn ni irú èyí tí oorun kò lè wò. Ẹni tí ó mú sùn, ó jí, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju bí ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó fi orí lé ìrọ̀rí lọ.

Ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi tẹ́tí sílẹ̀ ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1974. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, a máa lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní owó dókítà. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ ni ó gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí iná wọn ń jó geregere jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni iná wọn ń kọ́kọ́ kú. Ẹni tí ń fi sùúrù gbọ́ ti aláìsàn tẹ́lẹ̀ a wá di ẹni tí ń kanra; ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé a dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò yọ nínú rẹ̀. Orúkọ tí ó fi pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èyí tí a ń lò fún ohun tí ó ti jó títí tí kò fi sí ohun tí yóò jó mọ́. Àwa yóò máa pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Christina Maslach, ti Yunifásítì California ní Berkeley, tẹ̀ síwájú nínú ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1981, òun àti Susan Jackson gbé àwọn ìbéèrè kan jáde tí a fi ń wọn àárẹ̀ yìí lára òṣìṣẹ́, a sì ń lò wọ́n títí di òní. Ojú mẹ́ta ni wọ́n rí pé ó ní. Èkíní ni pé okun tán pátápátá. Èkejì ni pé ọkàn kúrò lára iṣẹ́ àti lára àwọn tí a ń ṣe é fún. Ẹ̀kẹta ni pé òṣìṣẹ́ náà kò rí èrè nínú ohunkóhun tí ó ń ṣe mọ́, bí ó tilẹ̀ ṣe é dáradára.

Ojú kejì yìí ni ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ kíyè sí jù lọ, nítorí òun ni a máa ń ṣì pè ní ìwà búburú. Olùkọ́ kan mọ orúkọ gbogbo ọmọ inú kíláàsì rẹ̀. Ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ, ó mọ èyí tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tí ó yá, ẹ gbọ́ ọ tí ó ń wí pé, “Àwọn wọ̀nyí? Kò sí ohun tí a lè fi wọ́n ṣe.” Ọ̀gá rẹ̀ a ní ìgbéraga ni. Ó lè jẹ́ ìgbéraga lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń sá sẹ́yìn kúrò nínú ohun tí ń jẹ ẹ́ run, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ti í sá fún iná.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àárẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀, sínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń to orúkọ àwọn àrùn lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ àrùn. Wọ́n ní ohun tí ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, nígbà tí ìnira iṣẹ́ bá pẹ́ tí a kò sì bójú tó o bí ó ti yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò wí pé inú ara òṣìṣẹ́ ni ó ti ń wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí èlùbọ́ bá bu, obìnrin tí ó gbọ́n kì í dá iṣu lẹ́bi kí ó tó wo ibi tí a sá a sí, bóyá òjò pa á, bóyá a kó o sínú àpò nígbà tí kò tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá dá kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ òṣìṣẹ́ náà ni a kọ́kọ́ ń rò: kò lágbára tó, kò ní ìforítì, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìyà. A fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, a sì dá a padà sínú àpò tútù kan náà. Maslach àti Michael Leiter, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, dárúkọ ọ̀nà mẹ́fà tí ibi iṣẹ́ fi ń ba òṣìṣẹ́ jẹ́. Ìwọ̀n ẹrù iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. A kò ní ka gbogbo wọn. Ó tó kí a mú àwọn tí a máa ń gbàgbé: pé òṣìṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa bí yóò ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, pé a kò ṣe òdodo láàárín ẹnìkan àti ẹnì kejì, pé a ń fi ipá mú un ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Ibi tí a ti rí gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀ ní ojú kan ni ilẹ̀ Faransé, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá tí a ń pè ní France Télécom, tí orúkọ rẹ̀ di Orange ní ọdún 2013. A yan ìtàn rẹ̀ nítorí pé ọ̀ràn náà dé iwájú adájọ́, títí dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ohun tí a ó sọ kì í ṣe àhesọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́ ìjọba ni tẹlifóònù wà níbẹ̀, pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ wa náà kí a tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọdún 1985. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí a kò lè ṣàdédé lé kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ iṣẹ́ ní ìgbà ọ̀dọ́; wọ́n kọ́ bí a ti ń ta wáyà lórí òpó, bí a ti ń gbẹ́ kòtò fún un, bí a ti ń tún un so bí ìjì bá já a. Ìgbéraga rere wà nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ọwọ́ ẹni ni ó mú ohùn ọmọ dé etí ìyá rẹ̀ ní abúlé. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí kánkán. Ní ọdún 1996 a fi òfin sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Ní 1997 a bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín rẹ̀. Ní 1998 a ṣí ìlẹ̀kùn ọjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láti bá a du oníbàárà. Ní 2000 ó ra Orange ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó gọbọi. Nígbà tí yóò fi di ìparí 2002, gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 68 owó Yúrò. Ní 2004 ìpín tí ó kù lọ́wọ́ ìjọba wá kéré sí ìdajì. Láàárín àkókò yìí kan náà, tẹlifóònù alágbèéká àti íntánẹ́ẹ̀tì ń gba ipò wáyà orí òpó.

Àwa kò wí pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà jókòó sójú kan. Ẹni tí ó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tí ọjà sì ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ sùn. Ọ̀nà tí ó gbà ni a ń yẹ̀ wò.

Didier Lombard ni ọ̀gá àgbà nígbà náà. Ní ọdún 2006, òun àti àwọn tí ó yí i ká pinnu pé láàárín ọdún mẹ́ta, òṣìṣẹ́ 22,000 gbọ́dọ̀ kúrò nínú nǹkan bí 120,000, kí a sì yí iṣẹ́ àwọn 10,000 mìíràn padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà ni òfin kò gbà kí a lé. Kí ni ẹni tí kò lè lé òṣìṣẹ́ jáde yóò ṣe? Yóò mú kí ilé korò fún un, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Lombard wí fún àpéjọ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ pé ní ọdún tí ń bọ̀ òun yóò mú kí wọ́n lọ lọ́nà kan tàbí òmíràn, ìbáà ṣe láti ojú fèrèsé, ìbáà ṣe láti ẹnu ọ̀nà. A kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, òun ni ó sì padà wá jẹ́rìí takò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe é, nítorí kò sí ẹni tí ó gbé kùmọ̀. A mú ẹni tí ó ti ń gun òpó láti ọdún gbọọrọ, a fi í sí iwájú kọ̀ǹpútà nínú yàrá ńlá kan, a fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí, a fún un ní ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ fún un láti máa kà fún oníbàárà, a sì ní kí ó máa ta ọjà. A ti ibùdó iṣẹ́ pa, a ní kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ wá ipò sí ibòmíràn, ìbáà jìnnà sí ilé àti ọmọ. Àwọn tí wọ́n ti jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jùmọ̀ ń jẹun fún ọdún púpọ̀ fọ́n ká. Àwọn ọ̀gá kéékèèké pàápàá, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń ṣí wọn nípò, kí wọ́n má ba à ta gbòǹgbò níbikíbi. Ẹlòmíràn dé ibi iṣẹ́ kò bá iṣẹ́ kankan mọ́, àga àti tábìlì nìkan ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Lemọ́lemọ́ ni ìwé sì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá, tí ń rọ̀ wọ́n láti wá iṣẹ́ lọ sí ìta.

Apá kan nínú owó tí ọ̀gá kékeré yóò gbà dúró lórí iye ènìyàn tí ó bá kúrò ní abẹ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ a so oúnjẹ ẹnìkan mọ́ lílọ ẹnì kejì. A ti ronú púpọ̀ lórí àwọn ọ̀gá kéékèèké wọ̀nyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olórí ẹ̀ka iṣẹ́, alábòójútó, ẹni tí àṣẹ ń ti òkè bá tí ẹkún sì ń ti ìsàlẹ̀ bá. Ó rọrùn láti wí pé àṣẹ ni. Ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá ti fi owó sí àṣẹ náà.

A sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan tí ó yà wá lẹ́nu gidigidi. Dókítà Elisabeth Kübler-Ross, nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ ní ọdún 1969, ti ṣàpèjúwe bí ọkàn ẹni tí ń kú lọ ti ń rìn: ó kọ́kọ́ sẹ́, ó bínú, ó bẹ̀bẹ̀, ó sọ ìrètí nù, lẹ́yìn náà ni ó gbà. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn ni ó ti kọ́ ọgbọ́n yìí, kí a lè mọ bí a ó ti tù wọ́n nínú. Ní France Télécom, a ya irú ìrìn ọkàn bẹ́ẹ̀ sí ojú pátákó fún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n lè mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá ń bínú tàbí tí ó ń sunkún, ibì kan ni ó dé lójú ọ̀nà, yóò sì kọjá. Báyìí ni ẹkún òṣìṣẹ́ ṣe di àmì pé ètò ń lọ déédéé.

Kì í ṣe pé a kò kìlọ̀. Ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì, SUD àti CFE-CGC, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ìnira àti ìṣípò tipátipá nínú ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn dókítà tí ń tọ́jú òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kọ̀wé láti kìlọ̀. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ fi ipò sílẹ̀. Ètò náà kò dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀mí ara wọn. A kò ní rọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí kò yẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ní ọdún 2009, fi ìwé sílẹ̀ pé iṣẹ́ òun nìkan ni ó fà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Lombard sọ níwájú àwọn oníwèé ìròyìn pé ó yẹ kí a fi òpin sí àṣà pípa ara ẹni yìí, ó sì lo irú ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún aṣọ tí ó lòde. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́.

Kí ọdún náà tó parí a fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ nípa ipò tí wọ́n wà. Àwọn bí 80,000 ni ó dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ìwé ìbéèrè pín fún àwọn òṣìṣẹ́ rí yóò mọ̀ bí ó ti ṣòro tó kí ìdajì wọn dá a padà. Àwọn wọ̀nyí ti ń dúró de ẹni tí yóò bi wọ́n. Ní ọdún 2010, Stéphane Richard gba ipò ọ̀gá àgbà lọ́wọ́ Lombard.

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ ní Paris jókòó lórí ọ̀ràn náà. Ènìyàn 39 ni a yẹ ọ̀ràn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: 19 tí ó kú nípa ọwọ́ ara wọn, 12 tí ó gbìyànjú rẹ̀ tí a sì gbà sílẹ̀, àti 8 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, a dá ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi. Ìtanràn tí a bù lé ilé-iṣẹ́ jẹ́ 75,000 Yúrò, èyí tí ó ga jù lọ tí òfin gbà fún ẹ̀ṣẹ̀ náà, yàtọ̀ sí owó ìtùnú àwọn tí ọ̀ràn kàn. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 39, kò tó 2,000 Yúrò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Lombard, pẹ̀lú igbákejì rẹ̀ Louis-Pierre Wenes, àti Olivier Barberot tí ó jẹ́ olórí ọ̀ràn òṣìṣẹ́, ni a dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún, pẹ̀lú ìtanràn 15,000 Yúrò; ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ nínú ọdún náà ni a fi ìkìlọ̀ rọ́pò. Lombard àti Wenes lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 a tún dá wọn lẹ́bi, a sì fi ìkìlọ̀ rọ́pò gbogbo ọdún kan náà, nítorí náà wọn kò ní wọ ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí wọ́n dì mú láti gba ara wọn sílẹ̀ ni ó yẹ kí a fi etí sí. Láti ọdún 2002 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ka fífòòró òṣìṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ní lọ́kàn nígbà náà ni ọ̀gá kan tí ó dájú sọ ẹnìkan, tí ó ń bú u, tí ó ń dójú tì í. Báwo ni ẹni tí ó jókòó ní Paris yóò ti fòòró ẹni tí kò rí rí, tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá ó ní ọmọ tàbí kò ní? Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé dídín òṣìṣẹ́ kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, yíyí ilé-iṣẹ́ padà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti fi iye àti ọjọ́ sí lílọ àwọn ènìyàn, tí a sì ń lé iye náà bá láìwẹ̀yìn, lílọ tí a pè ní ti ìfẹ́ inú kò jẹ́ ti ìfẹ́ inú mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Cour de cassation, èyí tí ó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà, fi ìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀. Ó wí pé ètò ilé-iṣẹ́, bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kalẹ̀ kí ó lè ba ipò iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, lè jẹ́ ìfòòró fúnra rẹ̀, àti pé kò pọn dandan kí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ti fojú kan ẹni tí ó pa lára rí.